Èèrà Ẹ̀yìn Ilé

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ní Ṣàngó Ọ̀tà máa ń rán mi létí èèrà.

Bàbá mi, télọ̀ ní Ọ̀tà, kì í jẹun ọ̀sán láìsí búrẹ́dì funfun àti tíì tó dùn bí oyin. Òùngbẹ kì í tán lára rẹ̀, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jinná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń wo èèrà pupa tó tò lọ síbi tí bàbá mi tọ̀ sí. Ó wọlé, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀ fún un.

“Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ febi pa mí ni?”

“Àkànbí, jẹ ẹ̀wà rẹ. Ọjọ́ tí èèrà bá lọ, a ó tún ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sọ.”

Àánú bàbá mi ṣe mí. Mo sáré mú ìgbálẹ̀, mo gbá gbogbo èèrà náà dànù.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni Ìyá Àgbà, tí kò mọ̀wé, kà lórí ilẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà rọra gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. “Ọmọ mi, kì í ṣe èèrà là ń lé. Ohun tí wọ́n wá jẹ ni.”

Bàbá mi gbọ́. Ó fa àwo ẹ̀wà mọ́ra.