Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Ó Dín Ẹyọ Kan

Owó tí a fi ń ra búrẹ́dì kan lónìí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, yóò san owó ilé-ìwé ọdún kan, yóò sì ṣẹ́kù. A máa ń jẹ adìẹ nílé oúnjẹ, a tún máa ń ráhùn pé ó kéré. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990, tí mo ti di olùkọ́ ìṣirò nílé-ìwé girama kan n'Ilé-Ifẹ̀, ayé yẹn ti lọ. Bàbá Fọlákẹ́, káfíńtà l'Ókèrèwè, ti sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ má bínú. Tí táàmù yìí bá ti parí, aṣọ rírán ló ń lọ kọ́." Ọmọ tó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì mi!

Ìdíje ìṣirò kan ló kù. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, wọn á máa san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde.

Mo ní àṣà kan tí pírínsípà wa kórìíra. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi Yorùbá pe nọ́ńbà ńlá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún di ọ̀kẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi wọ́n o," ni màmá náà máa ń wí. "Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín."

Lọ́jọ́ ìdíje náà, nígbà tó ku Fọlákẹ́ àti ọmọkùnrin kan láti Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n kọ 359,999 sójú pátákó. Ṣé nọ́ńbà kan wà tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀? Bó bá wà, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka pín in lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Méje kọ̀. Mọ́kànlá kọ̀. Mẹ́tàlá kọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ń kọ, ó ń pa á rẹ́. Fọlákẹ́ kò tilẹ̀ mú bírò, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yín?" ni pírínsípà sọ sí mi létí. "Ṣé àdúrà ló ń gbà ni?"

"Nọ́ńbà ló ń pè, mà."

"Ẹ ti pa wá!"

Fọlákẹ́ nawọ́. "Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ó dín ẹyọ kan ni, sà."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ dìde. "Ẹ̀yin adájọ́, ṣé ọjà la wà ni?"

Adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Máa bá a lọ, ọmọ mi. Sọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ."

"Ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni ọ̀kẹ́ méjìdínlógún, sà. Ẹyọ kan tó dín, ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan ni. Torí náà, ẹgbẹ̀ta ó dín kan, lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé kan."

Adájọ́ kọ 599, ó kọ 601 sábẹ́ rẹ̀, ó wá ń sọ wọ́n di púpọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń kú lọ níbi tí mo jókòó sí. Nígbà tí 359,999 jáde, pírínsípà di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Adájọ́ náà ti kú. Pírínsípà ti kú. Olùkọ́ Mọdákẹ́kẹ́ wà, a máa ń pàdé nídìí owó ìfẹ̀yìntì, ó ṣì ń sọ pé òjóró ni. Fọlákẹ́ wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò l'Óṣogbo. Bàbá rẹ̀ náà wà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yà níbẹ̀, á ní kí wọ́n gbé àga fún mi, á wá sún mọ́ mi. "Tíṣà, ẹ tún un sọ. Báwo ni ọmọ mi ṣe dáhùn lọ́jọ́ náà?"