Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ná Gbèsè Bí Ẹni Ń Ná Ọjà

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè, tí òórùn gàrí gba gbogbo ilé mi nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá kó o mọ́. Ọjà-Ọ̀dàn ni mo ń gbé nígbà náà, mo sì ní ẹ̀rọ kan tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ìyá tó ń dín gàrí. Èmi náà ni mo máa ń ra gàrí ọ̀hún jọ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníbàárà mi láti Àjàṣẹ́ á sì wá fi mọ́tò kó o lọ sí òdìkejì ẹnubodè. A ń gba náírà, a ń gba séfà tó jẹ́ owó tiwọn, a sì ń pe ara wa ní olówó. N kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò sẹ́ni tó mọ ọjà ná tó mi láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Ìpókíà. Bí ọlọ́jà bá pe iye, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ná an. Bó bá kọ̀, màá yí ẹ̀yìn padà, màá máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ohun náà mọ́. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, wọn á ti pè mí padà.

Kí wàhálà ẹnubodè tó dé, ẹ̀rọ kékeré tí mo ní kò tó mi mọ́, èyí tó tóbi ni ojú mi ń wá. Mo bá lọ bá Màmá Tíṣà ní Ayétòrò. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, owó tí ìjọba san fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n sì ń yá àwọn èèyàn, tí wọ́n ń gba èlé díẹ̀ lé e. Wọn kì í ṣe irú olówó èlé tó ń fi ojú èèyàn gbolẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yá ni lówó láìgba ìdógò. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni mo fẹ́. Mo wo ilé mi yíká, n kò rí ohun tó tó ìdajì rẹ̀. Ni mo bá lọ sí ilé bàbá mi lójú ọ̀nà Ìjoun lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé wọ́n wà lóko. Mo fa àpótí abẹ́ ibùsùn wọn jáde, mo yọ ìwé ilẹ̀ oko ọ̀pẹ wọn níbẹ̀, mo sì gbé e lọ sí Ayétòrò. Mo sọ fún Màmá Tíṣà pé bàbá mi mọ̀ sí i, wọ́n sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ fún ara mi pé kí Bàbá tó wá ìwé náà, màá ti dá a padà sí àyè rẹ̀.

Àdéhùn wa ni pé bí n kò bá san owó náà tán lẹ́yìn ọdún kan, àwọn akọ́pẹ Màmá Tíṣà ni yóò máa gé ẹyìn oko náà títí gbèsè yóò fi tán. Oko yẹn ni bàbá mi fi tọ́ wa. Oko yẹn náà ni wọ́n fi ń jẹun lọ́jọ́ ogbó wọn, torí wọn kì í fẹ́ na ọwọ́ sí ọmọ. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀dọ́ tó gbójú lé èrè kì í gbọ́ nǹkan mìíràn. Mo gba owó náà, mo sì fi ra ẹ̀rọ ńlá.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti ẹnubodè, a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kò lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Oníbàárà mi kan ti gba ogójì àpò gàrí láwìn, ó sì wà ní òdìkejì. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yín wà lọ́wọ́ mi o, ọ̀nà ni kò sí." Owó wà, ọwọ́ mi kò tó o. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ń ra epo nínú ìgò bí ẹni ń ra oògùn, ẹ̀rọ ńlá mi sì jókòó kalẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà, ó ń wò mí. Níkẹyìn mo tà á fún ọkùnrin kan láti apá Abẹ́òkúta ní iye tí n kò lè sọ fún ìyàwó mi. Mo pa owó náà pọ̀ mọ́ ìwọ̀nba tó wà nílé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ igba ẹgbẹ̀rún náírà ó lé ogún ẹgbẹ̀rún. Gbèsè àti èlé ti di irinwó ẹgbẹ̀rún, ọdún sì ti pé.

Ohun tí ẹlòmíràn yóò ṣe ni pé kó lọ wá àgbà tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Èmi ọ̀gá oníṣòwò, mo ní n ó lọ ná gbèsè náà wálẹ̀. Mo fi ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún pamọ́ sílé, mo kó ọgọ́rùn-ún dání, mo gba Ayétòrò lọ. Mo bá Màmá Tíṣà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí wọn, mo jókòó, mo sì kẹ́nu bọ ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún parí ọ̀rọ̀ yìí."

Wọ́n gbé ojú sókè. "Irinwó lo fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún san?"

"Ẹ sọ tiyín náà, Màmá. Èló ni jálẹ̀?"

"Ṣé mo pàtẹ ọjà fún ẹ ni?"

Mo dìde. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìṣe mi. Mo ka ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mo ka ogún, kò sẹ́ni tó pè mí. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú, kí n lè fún wọn láyè díẹ̀ sí i. Sálúbàtà ni mo wọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ̀wà wọn ni wọ́n ń ṣà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan mú iṣẹ́ wá fún mi pé Màmá Tíṣà ní bí ọjà Ọjà-Ọ̀dàn tó ń bọ̀ bá ti ná tán, àwọn akọ́pẹ àwọn yóò wọ oko. Mo rí i lójú inú mi bí àwọn àjèjì yóò ṣe gbé igbà gun ọ̀pẹ, tí bàbá mi yóò dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí wọn yóò máa béèrè ta ló rán wọn wá.

Mo lọ bá Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń pọ́n àdá lábẹ́ igi ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, àti ìwé tí mo jí, àti irọ́ tí mo pa. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn fi àdá sílẹ̀ ni.

"Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, Bàbá."

Wọ́n wò mí títí. "Mo ní èló ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Igba ó lé ogún."

"Lọ kó gbogbo ẹ̀ wá. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í pe iye, ọmọ yìí. Olówó ló ń pe é."

Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì dé Ayétòrò. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fi bíi ọdún mẹ́wàá ju Màmá Tíṣà lọ. Bí a ṣe wọlé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì na gbogbo ara sílẹ̀. Màmá Tíṣà fò dìde. "Háà! Bàbá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Tíṣà, ọmọ wa ṣẹ̀ yín," ni bàbá mi wí. "Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìyí. Kò sí òmíràn nílé."

Mo gbé àpò owó náà sílẹ̀. Mo la ẹnu láti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tì í, Bàbá wúkọ́, mo pa ẹnu mi dé. Màmá Tíṣà ka owó náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n béèrè ohun tí a máa jẹ, Bàbá ní ẹ̀gẹ́ wà lóko. Màmá Tíṣà ya ogún ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ nínú owó náà.

"Ká tiẹ̀ ní mo rán akọ́pẹ lọ," ni wọ́n wí níkẹyìn, "mọ́tò wo ló máa kó ẹyìn náà jáde fún mi láìsí epo? Ọ̀ọ́dúnrún lowó mi. Èlé, mo fi jì ẹ́. Nínú ọ̀ọ́dúnrún náà, màá gba igba. Ọgọ́rùn-ún tó kù, ẹnubodè ló jẹ ẹ́. Gba ogún yìí, kó o fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan."

Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé ilé-ìwé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbèsè ti tán, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Wọ́n dá ìwé ilẹ̀ padà. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú kò sì tì mí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gba Ayétòrò lọ pẹ̀lú àpò gàrí kan, torí gàrí nìkan ni mo ní lọ́pọ̀. Màmá Tíṣà gbà á, wọ́n ní kí n jókòó.

"Bàbá rẹ ni kó o lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni wọ́n wí. "Ṣé o rò pé màá gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé kí n má bi ẹni tó ni ín? Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tó o gbé e wá ni mo lọ bá wọn. Èmi ò tíì yá ẹ lówó nígbà yẹn, ṣé o rántí pé mo ní kó o padà wá? Wọ́n ní àwọn làwọn fún ẹ. Wọ́n ní kí n yá ẹ."

N kò mọ bí mo ṣe délé. Ó lé ní ọdún kan tí bàbá mi ti mọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí mo bá lọ kí wọn, wọn á bi mí pé ṣé kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ bá wọn sọ, èmi á dáhùn pé rárá, Bàbá, dáadáa la wà. Mo bá wọn nídìí oúnjẹ, mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Kí ló tún dé?" ni wọ́n wí. "Ṣé o tún ti yá òmíràn ni?"

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi pé àwọn mọ̀. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dáhùn. "Mo ń dúró dè ẹ́ ni."

Wọ́n ti ṣí ẹnubodè tipẹ́. Ẹ̀rọ kékeré ni mo ṣì ń lò, ó sì tó mi. Màmá Tíṣà ṣì wà láyé, ọdọọdún ni mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lọ fún wọn, wọn á sì máa bá mi jà pé ó ti tó. Bàbá mi ti lọ sinmi. Bí mo bá dúró nínú oko ọ̀pẹ wọn, tí mo bá ń ka oore tí àwọn èèyàn ti ṣe fún mi, mo mọ iye tí Màmá Tíṣà fi jì mí, mo lè pè é títí dórí kọ́bọ̀. Ti bàbá mi ni n kò lè kà. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró dè mí, wọn kò sì gba èlé kankan.