Ogún Dọ́là Ìkúnlẹ̀ Hephzibah

Ẹni tó bá rí Akíntóyè lọ́jọ́ Sátidé, tó ń ti inú báǹkì kan bọ́ sí òmíràn ní Lithonia, ní ìpínlẹ̀ Georgia, á rò pé owó ló ń wá yá. Ta ló ń yáwó? Ọkùnrin náà lówó lápò. Owó ló fẹ́ fi ra owó. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ ò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Ohun tó ń wá ni háàfù dọ́là, ìyẹn owó onírin ńlá tó jẹ́ àádọ́ta sẹ́ǹtì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ná mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1964, fàdákà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní, bàbà ló wà nínú, irin funfun ni wọ́n kàn fi bò ó lókè. Tẹ́ ẹ bá wo etí rẹ̀, ẹ máa rí ìlà pupa kan. Ti fàdákà ò nílà, etí rẹ̀ funfun báláú. Báǹkì ò ráyè ìyẹn, bí wọ́n bá ṣe ń rí i ni wọ́n ń dì í pọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là ra àpótí kan, ó lè bá fàdákà pàdé nínú ẹ̀. Ó sì lè má rí nǹkan kan, a jẹ́ pé á kó owó rẹ̀ padà sí báǹkì nìyẹn.

John, ẹni tí wọ́n jọ ń kó ẹrù sínú bàálù ní College Park, ló kó àrùn yìí ràn án. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, John mú ọ̀kan jáde, ó jù ú sórí tábìlì. Ohùn tó jáde lára rẹ̀ tutù, ó gùn, kò sì tètè kú. Akíntóyè ní, “Jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ibi tó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ọdún kejì rèé, Akíntóyè ò tíì rí ẹyọ kan. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tà á o. Ó kàn fẹ́ rí tiẹ̀ ni, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó jù ú sórí tábìlì ilé rẹ̀, kó gbọ́ ohùn yẹn. Gbogbo ohun tó ń wá nílé ayé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bíi pé àwọn báǹkì ti jọ ṣèpàdé lórí ẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ẹ kàn máa wọlé, ẹ máa ní ẹ fẹ́ ra kọ́ìnì, wọ́n á sì gbé e fún yín? Ẹ jọ̀ọ́. Báǹkì àkọ́kọ́ bi í bóyá ó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Kò ní. Ó ṣí i. Nígbà tó padà lọ, wọ́n ní àwọn oníṣòwò nìkan làwọn ń tà á fún, irú òwò wo ló ń ṣe? Ó ní òun ò ṣòwò. Wọ́n ní kí ló wá fẹ́ fi kọ́ìnì ṣe? Ó ní òun fẹ́ wò ó ni. Ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀, ó ní, “Have a blessed day, sir.” Ìyẹn ni pé kó máa lọ.

Báǹkì kejì gbà, wọ́n ní kó padà wá ní Tuesday. Tuesday dé, kúọ́tà, kọ́ìnì sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n gbé fún un. Báǹkì kẹta gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pé àwọn bá a gbé àpótí wá. Ó san án, ó ń kùn. Ìgbà tó délé tó tú u, gbogbo ẹ̀ ń kọ mànà. Tuntun ni látòkèdélẹ̀, wọn ò tíì jáde sígboro rí láyé wọn! Akíntóyè jókòó tì wọ́n, ó fọwọ́ lérán.

Rírà á tilẹ̀ kéré, dídá a padà ni wàhálà. Báǹkì tó tà á fún un ò fẹ́ gbà á mọ́. Òmíràn ní kó lọ dà á sínú ẹ̀rọ tó ń ka kọ́ìnì, ẹ̀rọ sì ń pọ̀ ọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rọ náà fi há. Ó gbé wọn kiri nínú búùtù ọkọ̀ lójú títì I-20, gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ búrèékì ni wọ́n ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Dádì Fọláhàn,” ó ní, “ẹ fowó ra owó, ẹ tún wá ń bẹ àwọn èèyàn kiri pé kí wọ́n fowó gba owó náà lọ́wọ́ yín. Ṣé kò sí golf ni? Àwọn ọkọ ẹgbẹ́ mi ń gbá golf.”

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn kí Ọlọ́run tó gbé Hephzibah dìde.

Hephzibah ni ọmọ Sister Kẹ́mi, tí òun àti Rẹ̀mílẹ́kún jọ wà nínú kwáyà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ríṣẹ́ sí báǹkì kan tó wà lọ́nà ilé wọn, wọ́n ṣì ń wò ó bóyá wọ́n máa gbà á wọlé pátápátá. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń mẹ́hẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, ó kọ́ ọ yé.

Lọ́jọ́ tí Akíntóyè dé iwájú kọ́ńtà rẹ̀, ọmọ náà pariwo, “Uncle! Ẹ káàsán sà!” ló bá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí kọ́ńtà báǹkì ṣe ga. Bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Obìnrin kan tó wà lórí ìlà rò pé adigunjalè ti dé, ló bá figbe ta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sẹkúríìtì sáré wá. Hephzibah yọrí láti abẹ́ kọ́ńtà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sorry! I was just greeting him!”

Látìgbà tí Akíntóyè ti dé Georgia, kò sẹ́ni tó kí i báyẹn ní báǹkì rí. Orí ẹ̀ wú. Ó sọ ohun tó bá wá, ọmọ náà ní, “Uncle, no wahala, màá order ẹ̀ for you. Thursday.” Kò béèrè òwò, kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó parí.

Ẹ wá sọ fún mi. Ọmọ kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, ó tún ṣe é lóore, ṣé ọwọ́ lásán ni àgbàlagbà máa wá fi jùwọ́ sí i pé ó dàbọ̀? Akíntóyè ò tiẹ̀ rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá wọ àpò lọ, ó fa ogún dọ́là yọ, ó ká a sí méjì, ó tì í gba abẹ́ gíláàsì. “Gbà, fi ra mineral.”

“Ah, Uncle, no now, ẹ má worry.”

Akíntóyè lejú mọ́ ọn. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi í sápò ṣòkòtò, ló bá tún pòórá sábẹ́ kọ́ńtà láti dúpẹ́. Kámẹ́rà wà lókè orí wọn níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ní Thursday, Akíntóyè ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ń kọrin nínú ọkọ̀. Fóònù dún, Sister Kẹ́mi ni.

“Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá Akíntóyè.”

Sister Kẹ́mi tó máa ń kí i kú iṣẹ́, tó máa ń kí i kú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀, tó máa ń béèrè Fọláhàn tó wà ní yunifásítì kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀! Ìkíni kan péré lónìí. Akíntóyè dá orin rẹ̀ dúró.

“Wọ́n ti ní kí Hephzibah lọ jókòó sílé, sà. Wọ́n ní ó gba rìbá lọ́wọ́ oníbàárà. Mo bi í pé oníbàárà wo, ó ní Uncle Akíntóyè. Ẹ ṣé o, sà. Mo kàn ní kí n fi tó yín létí ni.”

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Akíntóyè ò yà sílé mọ́, báǹkì ló gbà lọ tààrà, ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí bí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kọ́ìnì, níbo ló fẹ́ gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Máníjà ibẹ̀, Ms. Whitaker, obìnrin dúdú kan tó ga tó sì ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, mú un wọ ọ́fíìsì. Kí lẹ rò pé ó wà lórí tábìlì? Àpótí háàfù dọ́là. Wọ́n ti kọ orúkọ Akíntóyè sí i lára gàdàgbà. Máníjà fi fídíò hàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí:

“Kí lẹ fún un lógún dọ́là fún?”

“Ó kí mi ni.”

“Ṣé gbogbo ẹni tó bá kí yín lẹ máa ń fún lówó?”

“Rárá o. Àwọn ọmọdé tó bá kúnlẹ̀ ni.”

Ms. Whitaker gbé bírò sílẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní kó kúnlẹ̀?”

“Háà! Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ.”

“Owó ìkúnlẹ̀ wá nìyẹn.”

“Owó ìkúnlẹ̀ kọ́, mà. Kó fi ra Coke ni.”

“Coke ogún dọ́là?”

Àánú ara rẹ̀ ṣe Akíntóyè. Ó ní kóun kúkú là á yé e. Ó ní tó bá jẹ́ rìbá ni, ṣé abẹ́ kámẹ́rà lòun á ti fún un? Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní rìbá dáadáa, inú àpò ìwé ni wọ́n ń fi í sí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé tó fi mọ̀ pé kò yẹ kóun sọ ìyẹn.

Ms. Whitaker rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. “Mo gbà yín gbọ́,” ó ní. “Ìyá ìyá mi ní Alabama, ọmọdé kan ò lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má ki dọ́là bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó wà lórí tábìlì yìí. Ẹ fún òṣìṣẹ́ mi lówó, òṣìṣẹ́ mi bá yín gbé ohun tí kò sí báǹkì tó fẹ́ bá yín gbé. Tí mo bá fi àpótí yìí lé yín lọ́wọ́, mi ò lè pè é ní nǹkan míì. Tí mo bá dá a padà, tí ẹ ò sì ra kọ́ìnì níbí mọ́ láéláé, ẹ̀bùn ni. Hephzibah á dá owó yín padà fún yín, màá kìlọ̀ fún un, á wọlé lọ́la.”

Akíntóyè wo àpótí náà. Etí kan ti ya lára rẹ̀ díẹ̀. Níbi tó ti ya, ó rí orí kọ́ìnì kan, ó dúdú, ó ti gbó, owó tó ti rin ìrìn-àjò. Kì í ṣe tuntun! Ọdún méjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ojúlówó síwájú rẹ̀, àfi kó nawọ́. Ó dùn ún dénú egungun, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó wá rántí ọmọ náà bó ṣe yọrí lábẹ́ kọ́ńtà tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ dá a padà,” ó ní. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé àpótí náà bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ń gbóná. “Mà, ẹ bá mi dá a padà kíá, kí n tó yí ohùn padà.”

Nígbà tó délé tó ròyìn, Rẹ̀mílẹ́kún ò dárúkọ golf. Ó bu oúnjẹ fún un, ó fi ẹran kún un.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Sister Kẹ́mi àti Hephzibah yà sílé wọn. Ìkíni ti padà sípò: ó kí wọn kú ìsìn, ó kí wọn kú ọ̀sẹ̀, ó béèrè Fọláhàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Hephzibah kó nǹkan jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ìdì háàfù dọ́là méjì ni, ogún-ogún ẹyọ.

“Uncle, wọ́n ní I must return your twenty dollars. Manager ló ní kí n yọ ọ́ nínú box yẹn before wọ́n gbé e lọ. Ó ní twenty dollars is twenty dollars.”

Akíntóyè ti gbá ìdì méjèèjì mú. Rẹ̀mílẹ́kún, tó ti búra pé òun ò ní wo kọ́ìnì láyé òun mọ́, ló gbé abọ́ wá. Ìdì àkọ́kọ́, ìlà pupa, ìlà pupa, títí tó fi tán. Ìdì kejì, pupa, pupa. Ọwọ́ Akíntóyè dúró.

Etí ẹyọ kan funfun báláú.

Ó yí i padà: 1964. Ó jù ú sórí tábìlì. Ohùn yẹn jáde, ó tutù, ó gùn, gbogbo pálọ̀ dákẹ́ fún un. Omi lé sójú Akíntóyè, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

“Ẹ tún un jù,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ó tún un jù. Lẹ́yìn náà ó rọra jù ú sápò agbádá rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á níbẹ̀.

Àwọn àlejò dìde. Sister Kẹ́mi ní àwọn ń lọ, Hephzibah sì kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ Akíntóyè, ọwọ́ tí kì í gbọ́ràn yẹn, wọ àpò lọ.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́!” Hephzibah fò sẹ́yìn lórí orúnkún. “No money! Please!”

Pọ́ọ̀sì Akíntóyè wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó wà nínú abọ́, owó tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà ni, ta ló ń fi ìyẹn tọrẹ? Ẹyọ kan náà ló bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú àpò. Akíntóyè wo ọmọ náà, ọmọ tí ì bá pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó mọ̀wà hù. Inú rẹ̀ sọ pé ti ọmọ náà ni kọ́ìnì yìí.

“Kò sí kámẹ́rà níbí,” ó ní. Ó fi fàdákà rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Hephzibah wò ó. Ojú tí wọ́n fi ń wo àádọ́ta sẹ́ǹtì ló fi wò ó. “Thank you, Uncle. Màá fi ra mineral.”

“Má ná an!”

Ohùn méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Akíntóyè yíjú padà. Rẹ̀mílẹ́kún ló pariwo pẹ̀lú rẹ̀, ó tiẹ̀ ti na ọwọ́.

Nígbà táwọn àlejò lọ tán, Rẹ̀mílẹ́kún dúró ti abọ́ náà, ó ń fi ìka ro àwọn kọ́ìnì tó kù, ó tún ń wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Dádì Fọláhàn,” ó ní, “McDonough ńkọ́? Ṣé wọn ò ní báǹkì ní McDonough ni?”