Obìnrin Tó Ń Gbálẹ̀ Lójú Ọ̀run

Èéfín púpurú kì í tètè kúrò nínú irun. Ẹ lè fi ọṣẹ tó wù yín fọ̀ ọ́, tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, òórùn rẹ̀ á tún jáde. Òórùn yẹn ni mò ń gbé kiri nílùú Erinje lọ́dún tí mo parí ìwé mẹ́wàá, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún yẹn dùn! Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó ń dùn nígbà yẹn, torí bí mo ṣe máa kúrò níbẹ̀ nìkan ni mò ń rò.

Púpurú ni ìyá àgbà ń ṣe. A máa rẹ gbágùúdá sómi títí á fi rọ̀, a máa fún omi rẹ̀ dànù, a máa mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ jòjòló, a máa wá tò ó sórí àjà kí iná lè yan án láti ìsàlẹ̀. Iná yẹn ò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ kú. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Mo máa ń ṣọ́ ọ díẹ̀, mo máa wá sáré wọlé lọ wo fíìmù. Ìyá àgbà ló máa ń padà fẹ́ iná náà, tí wọ́n á máa húkọ́.

Fíìmù àtijọ́ kan ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó bí mi, nípa àwọn òyìnbó kan tó ń fi ọkọ̀ rìn kiri láàárín ìràwọ̀. Ọkọ̀ Ọ̀run làwa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Àkúrẹ́, ló kó àwo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti fi bírò kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kí n fo ìtàn kẹsàn-án, pé kò sí ìjà níbẹ̀. Mo gbọ́ràn. Mo wo ìkẹjọ àti ìkẹwàá títí mo fi mọ̀ wọ́n sórí, n ò fojú kan ìkẹsàn-án rí.

Ọjọ́ Ajé kan, Dádì Àkúrẹ́ pe ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n ní ikọ́ yẹn ti pọ̀ jù, èéfín ló ń fà á, àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti wá kó àwa méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́ pátápátá, ká ti ilé pa. Ìyá àgbà ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Èmi ńkọ́? Kí wọ́n tó fọwọ́ tán, mo ti di báàgì mi. Mo tún bá wọn di tiwọn. Mò ń kọrin ni!

Lọ́jọ́ kejì, bátìrì rìmóòtù kú. Bí ìkẹjọ ṣe parí báyìí, ìkẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, n ò rí i fò. Ìyá àgbà sì ti wọlé wá sinmi, wọ́n ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọkọ̀ náà bà jẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ó wá balẹ̀ sínú ayé kékeré kan tí iyanrìn bò. Ibi tí ọkọ̀ lè balẹ̀ sí mọ́ tónítóní, torí obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a lójoojúmọ́. Gbogbo èèyàn rẹ̀ ti lọ, ó ti lé lógójì ọdún tí ọkọ̀ kankan ti balẹ̀ síbẹ̀ kẹ́yìn, ó ṣáà ń gbá a. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kó jẹ́ káwọn gbé e lọ. Ìyá náà bi í pé tí òun bá lọ, ta ni yóò gbálẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Wọ́n tún ọkọ̀ wọn ṣe, wọ́n lọ, ó sì tún gbé ìgbálẹ̀. Ó parí. Ìtàn tí wọ́n ní kí n fò! Òun ló dára jù nínú gbogbo wọn!

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé fíìmù Yorùbá nìkan ni wọ́n kà sí eré, torí wọ́n dá ojú àwọn tó ń ṣe é mọ̀. Òyìnbó tó bá wọ aṣọ ọkọ̀ ojú ọ̀run, ìròyìn ni lójú tiwọn. Èmi náà sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn.

Níbi àdúrà àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ìjọ aládùúrà ni tiwa, a máa ń bọ́ bàtà, a sì máa ń wọ funfun. Wòlíì bèèrè pé ta ló ní ẹ̀bẹ̀, ìyá àgbà dìde pé kí wọ́n bá àwọn gbàdúrà fún ìyá arúgbó kan tó dá wà níbi tó jìnnà, tó ń gbálẹ̀, tí kò sẹ́ni tí yóò bu omi fún un. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Èmi ti orí bọ àárín eékún mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ìtìjú náà sì fẹ́ pa mí. Bí a ṣe ṣe àmín tán báyìí, ìyá ìjọ wá bá wa pé ẹgbẹ́ obìnrin fẹ́ lọ kí i, àwọn máa gbé púpurú àti epo dání.

“Ìlú Ìrèlè ni ibẹ̀ wà, àbí Òṣóòrò?” ni ìyá ìjọ bèèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, fíìmù ni,” ni mo wí.

“Fíìmù báwo? A ti kúnlẹ̀ fún un, a ti fi eékún họ sìmẹ́ǹtì, o wá ń pè é ní fíìmù?” Wọ́n wojú mi, wọ́n wo ti ìyá àgbà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a máa wá wo arúgbó wa.”

Wọ́n wá lóòótọ́. Obìnrin mẹ́jọ nínú aṣọ funfun jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ ìyá àgbà lọ́sàn-án gangan, èmi ń túmọ̀. Bó ṣe parí, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn kan ní bí wọ́n bá gbé e, ikú ló máa kú. Àárín ariwo yìí ni Dádì Àkúrẹ́ wọlé, wọ́n ti páàkì ọkọ̀ síta, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìkíni wọn.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà sọ̀rọ̀. “Ẹ ò rí nǹkan. Èèyàn mélòó ló jókòó lásán nínú ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì? Kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ tì í, kó máa bá a gbálẹ̀. Ẹ gbé mi lọ, ẹ fi mí sílẹ̀, ìyẹn nìkan lẹ mọ̀.”

Ìyá àgbà ò mọ̀ pé àwọn ti ní “mi” dípò arúgbó inú fíìmù. Dádì Àkúrẹ́ wo báàgì méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ikọ́ yẹn ńkọ́?”

Ìyá ìjọ ló sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, wọn ò sì wojú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo ti rí ara mi l'Ákùúrẹ́, mo ti rí irun tí mo fẹ́ ṣe. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, “Èmi á máa ṣọ́ iná. Ìyá àgbà ò ní sún mọ́ èéfín mọ́. Wọ́n á máa mọ ọ́n níta, èmi á máa yan án.”

“Ìwọ?” ni Dádì Àkúrẹ́ wí. “Ìwọ tó ń sá fún iná?”

“Èmi, sà.”

Dádì Àkúrẹ́ jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin yẹn, wọ́n ní kí n tún ìkẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, pé àwọn kàn gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ àwọn pé kò dùn ni, àwọn ò wò ó rí. Wọ́n wò ó tán. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì ìyá àgbà padà sínú yàrá fúnra wọn.

Mi ò ní parọ́, lọ́sẹ̀ kejì mo sunkún nídìí àjà yẹn. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lójú ẹkún yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka lu púpurú, tí wọ́n á fi etí mọ̀ pé ó ti gbẹ. Ikọ́ ìyá àgbà lọ sílẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Mo ti wọ ilé ìwé gíga l'Ókìtìpupa báyìí, mò ń lọ mò ń bọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo sì ń sùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níléèwé máa ń bi mí pé kí ló wà ní Erinje. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Dádì Àkúrẹ́ ti ń kọ́lé sí ẹ̀yìn ilé wa báyìí, onítáìlì, wọ́n ní táwọn bá fẹ̀yìn tì àwọn ń bọ̀ wálé. Wọ́n ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìyá àgbà níbẹ̀, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí jù. Ìyá àgbà lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yìn ín dáadáa, wọ́n ní àwọn á máa wá kí ọmọ àwọn níbẹ̀, àwọn á sì máa padà sílé tàwọn.