Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Olóbì ní Agége

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni katapílà wọ ọgbà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Àwa mẹ́ta ló wà níbẹ̀: awakọ̀ katapílà, Màmá tó jẹ́ àbúrò onílé, àti èmi tí mo ti ṣe ayálégbé níbẹ̀ rí. Onílé ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló ta ilé náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, kò sì wá.

Owó obì ni wọ́n fi kọ́ ọ, nígbà tí obì Agége ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè Ọya. Bíríkìlà tó kọ́ ọ mọ iṣẹ́ àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà wálé. Ó fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi gíláàsì pupa sí òkè ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó mi a na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, àwọn ọmọ olóbì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n. Eléyìí ló ṣẹ́kù.

Yàrá kan nísàlẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi gbà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ibẹ̀ la bí ọmọ wa kan ṣoṣo sí. Kò pé oṣù kan tó fi kú. Màmá ló gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, òun ló sin ín. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa títí wọ́n fi ṣe tán. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi rí títí òun náà fi kú. Àmọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré sórí ilẹ̀ yẹn, kò ní sí ibi tí mo ti lè wá a mọ́. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

“Màmá, ẹ sún sẹ́yìn!” awakọ̀ pariwo látòkè. “Katapílà ò mọ ìyá onílé o!”

“Ìyá tìẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́n?” Màmá dá a lóhùn. “Pa nǹkan yẹn jàre, kí etí mi sinmi.”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó pa á, ó lọ wá sìgá rà.

Mo sún mọ́ Màmá. “Ẹ̀yìnkùlé yẹn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni?”

“Ibo ni kí ni?”

“Ẹ mọ ohun tí mò ń béèrè.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí n kò fi ní sọ nìyẹn. Òbí kì í mọ̀ ọ́n, kí òmíràn má baà tẹ̀ lé e.”

“Èwo ló kù tó fẹ́ tẹ̀ lé e, Màmá? Ṣebí èmi nìkan ni. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ bù, kí n gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.”

Màmá jókòó lé ẹrù rẹ̀ tó ti kó jáde nínú ilé.

“Ìyàwó rẹ bẹ̀ mí kó tó kú. Ó ní tí o bá béèrè, kí n má sọ. Ó ní ńṣe lo máa lọ jókòó síbẹ̀, o ò ní dìde.”



Awakọ̀ dé. Iwájú ilé ló kọ́kọ́ wó. Òdòdó orí fèrèsé kan já bọ́ lódidi, kò fọ́. Ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti tẹ́jú, n kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́. Mo bá Màmá gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní kí n máa jẹun dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń gba orí ilẹ̀ náà kọjá, nítorí ó yá ju títì lọ. Èmi gba títì.