Ọkọ̀ Tí Kò Ní Kabúrétọ̀

Ọkọ̀ Báyọ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nígbà ọyẹ́, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Òsì. Báyọ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọ́fà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọlé lánàá ni ọkọ̀ náà ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, kò sì lágbára láti gun òkè mọ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú ènìyàn mọ́. Ilé ìwòsàn kan ní Kàdúná ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbéra ní Ọjọ́rú.

Ìlọrin ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ràúfù. Kabúrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá á ní kí n di ojú mi, kí n tú u palẹ̀, kí n sì tò ó padà kí òun tó jẹ iyán òun tán. Iyán wọn kì í sì í pẹ́ tán.

Ọkọ̀ Báyọ̀ kò ní kabúrétọ̀ rárá. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀ àti wáyà rẹpẹtẹ, gbogbo wọn sì lọ sínú àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ, èyí tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ni ọpọlọ ọkọ̀ náà. Ó yẹ kí n sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí. Mo bá ṣe ohun tí mo mọ̀.

Láyé ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná ń dé bátìrì, a ó tan ẹ́ńjìnnì, a ó sì yọ orí bátìrì kan. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, iná ń dé nìyẹn. Mo ti ṣe é fún ọkọ̀ tí kò lóǹkà. Mo yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì náà pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó kú, òórùn jíjóná sì jáde látinú àpótí yẹn. A tan án títí, kò dáhùn.

Akin tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ pé àpótí náà ti jóná kí wọ́n tó gbé e dé. Mo rò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi fọ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá wọn, mo sì sọ ohun tí mo ṣe.

Báyọ̀ kò bú mi. Ó kàn yíjú sí ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló béèrè.

“Sámúẹ́lì, ṣé o lè tún un ṣe?”

“Mi ò tíì mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi í sílẹ̀.”

Mo tú àpótí náà, mo gun alùpùpù mi lọ sí Koro, níbi tí Mùsílíù ti ń tún rédíò ṣe. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Mo ní kó ṣáà ṣí i, kó sọ fún mi bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá jọ ti rédíò. Nígbà tó ṣí i, ó na ìka sí ohun kékeré méjì tó ti dúdú. Ó rí irú ọ̀kan yọ nínú àwọn òkú rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èkejì kò sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi èyí tó jóná sínú páálí ìṣáná, mo gbé e lọ sí Ìlọrin. Mo ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo ń wọ òmíràn. Àwọn kan rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá àgbàlagbà kan yọ irú rẹ̀ látinú tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Kùtùkùtù Ọjọ́rú, ní Koro, ni Mùsílíù fi lẹ́ẹ̀dì, òjé yíyọ́ tí wọ́n fi ń tún rédíò ṣe, jó o mọ́ ibẹ̀. A dé Òsì, a so àpótí náà padà, Báyọ̀ sì tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ dáhùn, ó sì ń gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Mi ò rí ọkọ̀ tí gbígbọ̀n rẹ̀ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò yọ nǹkan kan. Mo kàn tẹ́tí. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń súfèé wẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ dé ara rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà náà ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kò lè dé. Àìsàn ọkọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gé rọ́bà inú táyà alùpùpù mi, mo fi wé e, mo sì fi wáyà dì í pinpin. Ẹ́ńjìnnì náà fara balẹ̀. Oòrùn kò tíì mú nígbà tí wọ́n gbéra.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sí Koro kí Mùsílíù lè kọ́ mi bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Bí mo bá pè é ní ọ̀gá lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, á fi ìtìjú ti orí bọ inú rédíò tó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá Báyọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ohùn mi nígbà yẹn, òun rò pé mo ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ọkọ̀ kan tí mo ṣí sílẹ̀, irú ti ọmọ rẹ̀, ó sì na ìka.

“Kí lèyí?”

“Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, Màmá.”

“Èyí ńkọ́?”

“Òun ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.”

Ó tún na ìka sí ohun kékeré kan tí wáyà méjì so mọ́.

“Ìyẹn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n, Màmá.”

Ó fa bẹ́ǹṣì mọ́ra, ó jókòó. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, òun fẹ́ máa wò ó.