Ọkọ̀ Àríyọ̀ Tí Kò Ní Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Nínú

Àríyọ̀, dírẹ́bà tó ń ná Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn, kì í lè jókòó jẹun. Òkèlè á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa rìn yí ọkọ̀ ká ní gáréèjì, á máa fẹsẹ̀ ta táyà, á máa pariwo pé kí èrò wọlé, ilẹ̀ ń ṣú lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ dáadáa. Àwáwù, ìyá rẹ̀, a máa ní láti inú oyún lọmọ òun ti ń kánjú.

Ní ọdún tí àwọn sójà tún gbàjọba, obìnrin kan sùn lọ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fara ti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ni ilẹ̀kùn bá ṣí lórí eré. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Àríyọ̀ ò sùn mọ́jú ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó tú gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú ọkọ̀, títí dórí ti iwájú, ó kó wọn sínú agolo. Láti ìta nìkan ni wọ́n wá lè ṣí i. Irin tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, àpò rẹ̀ ló sì ń gbé.

Èrò yìn ín, wọ́n ní dírẹ́bà tó mọ iyì ẹ̀mí nìyẹn. Ká sòótọ́, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú ọ̀nà, èrò á fọ́n ká, ọ̀kan á lọ tọ̀, ọ̀kan á lọ ná iṣu, ọ̀kan á lọ kí àna rẹ̀. Kí wọ́n tó pé padà, ara Àríyọ̀ á ti máa yún un. Ó dùn mọ́ ọn pé kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ bí òun ò bá tíì fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an, koríko ti gbẹ. Àwáwù wà nínú ọkọ̀, ó ń lọ kí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Ìṣẹ́yìn. Nítòsí odò Òfíkì ni omi inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọkọ̀ sì kọṣẹ́. Àríyọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì. Èrò ní àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbatẹ́gùn.

“Ẹ jókòó jẹ́ẹ́! Mo ti dé ná!” Ó yí gíláàsì sókè nítorí eruku, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn gbogbo.

“Àríyọ̀, ooru ń mú o,” ni ìyá rẹ̀ ké láti inú ọkọ̀.

“Ìyá mi, ẹ ní sùúrù.”

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní sùúrù!

Ibi tó ti ń bu omi ló ti gbọ́ tí koríko ń ta pàrà-pàrà. Àwọn ọdẹ ti dáná sí ọ̀dàn láti lé ọ̀yà jáde, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ọ̀nà mọ́tò ni iná náà sì dorí kọ. Àríyọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì nù, ó sáré. Nígbà tó débẹ̀, èéfín ti bo ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ àwọn èèyàn ló ń rí lára gíláàsì. Ó ki ọwọ́ bàpò. Kò sí kọ́kọ́rọ́! Ó ti bọ́ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ bu omi. Ẹ̀rù bà á débi pé orí ló ń fi gbá ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, Ọdẹ́bọ̀dé, já jáde láti inú igbó. Kò béèrè ohunkóhun, ó fi ìdí ìbọn fọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fa èrò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwáwù ló jáde kẹ́yìn. Wọn ò tíì sá jìnnà tí iná fi lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá.

“Ẹ̀yin ọdẹ yìí, ẹ fẹ́ pa wá ni?” Àríyọ̀ jágbe.

“Ọ̀yà la dáná fún,” ni Ọdẹ́bọ̀dé dáhùn, “a sì fi ọ̀nà tó máa gbà sá sílẹ̀ fún un. Ìwọ ńkọ́?”

Síbẹ̀, nígbà tó rí kọ́kọ́rọ́ létí odò, tó sì pààrọ̀ gíláàsì, kò dá ọwọ́ ilẹ̀kùn padà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ló fa gbogbo rẹ̀. Ó wá so ó kọ́ ọrùn bíi tírà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwáwù ní kó yí gíláàsì sókè, kó kó irin rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ náà fún òun, kó sì lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ó tì í mọ́bẹ̀. Ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró, ó jókòó sábẹ́ igi ẹmì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àríyọ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òógùn bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn kiri, ihò lásán ló bá níbẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ ṣílẹ̀kùn!”

“Ní sùúrù,” ni Àwáwù wí, kò gbójú sókè.

Ìgbà tó ṣí i, Àríyọ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. “Ibi tí o jókòó sí yẹn,” ni ìyá rẹ̀ sọ, “ibẹ̀ ni mo wà tí iná ń bọ̀.”

Àríyọ̀ ò jẹun. Ó lọ gbé agolo, ó jókòó ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń de ọwọ́ wọn padà títí tó fi parí. Àwọn ará ilé ní àwọn ò rí i kó jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.